Ọṣẹ kò mọ̀ pé òde ti kù sí dẹ̀dẹ̀

Ọ̀rọ̀ ọṣẹ ni mo gbé wá lónìí, ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹni tó ń ṣe ọṣẹ nìkan ló kàn. Ó kan ẹni tó ń po ìpara òrí, ó kan ẹni tó ń lọ osùn, ó kan ẹni tó ń yan àdín, ó sì kan gbogbo àwa tí a máa ń sáré bá wọn pé, “Ẹ jọ̀ọ́, ọjọ́ Sátidé ni mo fẹ́ ẹ o.”

Ó tó ọdún mẹ́rin báyìí tí ìyàwó àbúrò mi kan, tó ń ṣe ọṣẹ ní àdúgbò Ìbẹ̀rẹ̀kòdó ní Abẹ́òkúta, gba iṣẹ́ ọṣẹ 600 lọ́wọ́ ẹbí kan tí wọ́n fẹ́ ṣe ìsìnkú ìyá wọn. Wọ́n fẹ́ fi ọṣẹ náà ṣe ẹ̀bùn fún àwọn àlejò. Ọjọ́ 12 péré ló kù. Obìnrin yìí mọ̀ pé ọjọ́ náà kò tó, ṣùgbọ́n owó ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ wà lọ́rùn rẹ̀, kò sì fẹ́ kí oníbàárà náà gba ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn lọ. Ó ní kí wọ́n fọkàn balẹ̀. Eérú tó wà nílẹ̀ kò tó, nítorí náà ó da kọ́sítíìkì sódà sí i kí ọṣẹ lè tètè dì. Ó gé e, ó wé e, ó sì kó o fún wọn ní ọjọ́ kọkànlá. Inú gbogbo ènìyàn dùn lọ́jọ́ òde.

Kò tó ọ̀sẹ̀ kan tí fóònù bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Ojú ẹnìkan ti bó. Ara ń ta ẹlòmíràn bí ẹni pé wọ́n fi ata rá a. Ìyá ọlọ́mọ kan gbé ọmọ oṣù mẹ́jọ wá, ẹ̀yìn ọmọ náà pọ́n bí osùn. Ìyàwó àbúrò mi dá owó padà, ó san owó ilé ìwòsàn ọmọ náà, ó sì bẹ̀bẹ̀ títí. Èrè tó jẹ lórí iṣẹ́ náà kò tó ìdajì ohun tó san. Ṣùgbọ́n èyí tó dùn ún jù ni ọ̀rọ̀ tí ìyá àgbàlagbà kan sọ fún un lẹ́nu ọ̀nà: “Ìyàwó, èmi rò pé ẹ mọ ọṣẹ ṣe ni.”

Òótọ́ ni pé ó mọ ọṣẹ ṣe. Ọjọ́ ni kò mọ bí a ti í kà. Ohun tí mo sì fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò lónìí nìyẹn.

Ìyá tó bí mi lọ́mọ ṣe ọṣẹ dúdú ní abúlé wa lápá Òdèdá fún ohun tó lé ní ọgbọ̀n ọdún, nítorí náà ojú mi tó o. Èèpo kòkó àti èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ sá sóòrùn títí yóò fi gbẹ pátápátá. Yóò sun wọ́n di eérú. Yóò da eérú náà sínú ajere, yóò gbé ajere lé orí ìkòkò, yóò máa bu omi sí i díẹ̀díẹ̀, omi eérú yóò sì máa kán sínú ìkòkò láti àṣálẹ́ títí di òwúrọ̀ ọjọ́ kejì. Yóò gbé omi eérú yìí kaná títí yóò fi ki, yóò wá da àdín sí i, yóò sì máa rò ó. Iṣẹ́ orí iná nìkan gba odindi ọjọ́ kan. Bí ó bá sọ̀ ọ́ kalẹ̀ tán, kò ní tà á. Yóò bò ó mọ́lẹ̀ nínú agbọ̀n fún ọ̀sẹ̀ méjì. Bí a bá béèrè pé kí ló dé, yóò ní, “Ọṣẹ ń sinmi, ẹ má dà á láàmú.”

Àwọn onímọ̀ lè ṣàlàyé ìsinmi tí màmá wa ń sọ yìí. Omi eérú ní agbára kan nínú tó lè jẹ ara ènìyàn. Nígbà tí ó bá bá òróró pàdé, àwọn méjèèjì yóò jọ para dà di ọṣẹ, agbára ajára náà yóò sì rọ̀. Èyí kì í ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Iná ń mú un yá, rírò ń mú un yá, ṣùgbọ́n ìyókù dọwọ́ àkókò. Ọṣẹ tí a fi kọ́sítíìkì sódà ṣe láìgbé e kaná, ọ̀sẹ̀ 4 sí 6 ni àwọn tó mọ iṣẹ́ náà máa ń fi í sílẹ̀ kí wọ́n tó tà á, kí omi ara rẹ̀ lè gbẹ, kí ó sì rọ̀. Kọ́sítíìkì sódà kì í ṣe ọ̀tá wa. Òun ló mú kí ọ̀pọ̀ ọṣẹ tí à ń rà lọ́jà le. Ṣùgbọ́n ó ń fẹ́ ìwọ̀n, ó sì ń fẹ́ sùúrù. Ìyàwó àbúrò mi kò wọ̀n ọ́n, kò sì dúró dè é.

Ẹ má rò pé ìran tiwa ló kọ́kọ́ kánjú. Ní Abẹ́òkúta yìí kan náà, kọ́sítíìkì sódà ti dá ìjà sílẹ̀ rí láàárín àwọn aláró. Aró àtijọ́, ewé ẹ̀lú àti omi eérú ni wọ́n fi ń ṣe é, ó sì gba ọjọ́ púpọ̀ kí ìkòkò tó mu. Nígbà tí ọrọ̀ ajé gbogbo àgbáyé dẹnu kọlẹ̀ ní àwọn ọdún 1930, ọ̀pọ̀ aláró yà sí lílo aró òyìnbó àti kọ́sítíìkì sódà, nítorí pé ó yá. Àwọn oníṣòwò bẹ̀rẹ̀ sí í ráhùn pé àdìrẹ kò dáa bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Aláké ìgbà náà, Ọba Ládàpọ̀ Adémọ́lá Kejì, fòfin de àwọn èròjà tuntun náà. Àwọn obìnrin aláró kò gbà. Wọ́n gba lọ́yà, ọ̀rọ̀ náà sì di ohun tí ìjọba òyìnbó gbé ìgbìmọ̀ ìwádìí lé lórí ní ọdún 1936.

Bí mo bá ro ọ̀rọ̀ yìí sọ́tùn-ún sósì, n kò lè dá ẹnìkan lẹ́bi nínú wọn. Aláké rí i pé orúkọ àdìrẹ Ẹ̀gbá fẹ́ bàjẹ́. Àwọn aláró náà rí i pé ebi fẹ́ pa ọmọ. Òfin nìkan kò sì lè yanjú rẹ̀. Títí di òní, bí ẹ bá dé Ìtòkú, ẹ ó bá kọ́sítíìkì sódà nínú iṣẹ́ aró, àwọn tó mọ ìwọ̀n rẹ̀ sì ń fi ṣe àdìrẹ tó dáa. Ẹ̀kọ́ tí èmi rí kọ́ níbẹ̀ ni pé ohun tó ń mú iṣẹ́ yá kò burú, bí ẹni tó ń lò ó bá mọ ibi tí ó ti lè dín ọjọ́ kù, tó sì mọ ibi tí kò ti lè dín in.

Lẹ́yìn tí ọ̀rọ̀ ìyàwó àbúrò mi rọlẹ̀, èmi àti òun jókòó, a ka ọjọ́ 11 tó fi ṣe iṣẹ́ náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọjọ́ 3 lọ sórí pé ó ń dúró de owó ìdókòwò lọ́wọ́ àwọn olókùú. Ọjọ́ 2 lọ sórí àdín: ó dé Làfẹ́nwá, owó rẹ̀ ti wọ́n, ló bá gba oko lọ láti lọ wá èyí tó rọjú. Ọjọ́ 1 lọ sórí eérú tí òjò ti pa, tó ní láti sun òmíràn. Ọjọ́ 2 lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń tẹ ìwé tí a ń lẹ̀ mọ́ ara ọṣẹ. Kò sí iná mànàmáná, òun fúnra rẹ̀ ló sì dúró tì wọ́n. Ó ku ọjọ́ 3 fún ọṣẹ. Nínú ọjọ́ 11, ọjọ́ 8 ti lọ kí ọṣẹ tó kan iná! Nígbà tí ọjọ́ wá kù díẹ̀, ara ọṣẹ ló ti gé e. Kò lè gé e lára àwọn atẹ̀wé, kò lè gé e lára àwọn olókùú. Ọṣẹ ni kò lẹ́nu láti jà.

Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ mi wà. Àkókò tí ọṣẹ fi ń jinná àti èyí tó fi ń sinmi, ara ọṣẹ ni wọ́n jẹ́, bí àdín ti jẹ́ ara rẹ̀. Ẹni tó bá yọ ọ́ kúrò ti yọ èròjà kan kúrò. Bí a bá fẹ́ kí iṣẹ́ yá, ibòmíràn ni kí a ti wá ọjọ́.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn. Ká ní ọjọ́ 20 oṣù kejìlá ni òde. Ọṣẹ gbọ́dọ̀ dé ọwọ́ olówó rẹ̀ ní ọjọ́ 17. Wíwé gba ọjọ́ 2, ó di ọjọ́ 15. Ìsinmi gba ọ̀sẹ̀ 4, ó di ọjọ́ 17 oṣù kọkànlá. Síse àti gígé gba ọjọ́ 3, ó di ọjọ́ 14. Wíwá eérú àti àdín gba ọ̀sẹ̀ 1, ó di ọjọ́ 7 oṣù kọkànlá. Nítorí náà, ẹni tó bá wá ní ọjọ́ 8 oṣù kejìlá, tó ní òun fẹ́ ọṣẹ 600, ti fi oṣù kan pẹ́. Ẹ kọ ìṣirò yìí sára ògiri, kí oníbàárà fúnra rẹ̀ lè rí i kà.

Lẹ́yìn èyí, ẹ jẹ́ kí ohun èlò wà nílẹ̀ kí iṣẹ́ tó dé. Àwa ará oko mọ̀ pé ìgbà kórè kòkó ni èèpo rẹ̀ máa ń pọ̀ nílẹ̀, tí ẹ̀ẹ̀rùn sì ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ìgbà náà ló yẹ kí a sá a, kí a sun ún, kí a kó eérú sínú àgbá tó ní ìdérí. Ẹni tó bá dúró di ìgbà òjò kí ó tó máa wá eérú gbígbẹ yóò ṣe wàhálà. Bákan náà ni òrí. Apá òkè, láti Ṣakí títí wọ ilẹ̀ Kwara àti Niger, ni òrí tí à ń lò ti ń wá, ìgbà òjò ni èso rẹ̀ sì ń já bọ́. Ìgbà ọyẹ́, tí ètè ń là, tí gìgísẹ̀ ń sán, ni gbogbo ènìyàn ń béèrè ìpara. Ẹni tó bá ń dúró de ọyẹ́ kí ó tó ra òrí, owó gọbọi ni yóò fi rà á, ìkánjú ni yóò sì fi pò ó. Ọyẹ́ kì í yọ́ wọ̀lú, ọdọọdún ló ń dé.

Ẹ jẹ́ kí ọjọ́ iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ tí owó ìdókòwò bá dé ọwọ́ yín, ẹ sì sọ èyí fún oníbàárà ní ojúkojú. Nígbà tí ọṣẹ bá sì ń sinmi ni kí ẹ lọ tẹ ìwé tí ẹ ó lẹ̀ mọ́ ọn, kí ẹ sì ra bébà tí ẹ ó fi wé e. Iṣẹ́ méjì tí kò dí ara wọn lọ́wọ́ lè máa lọ lójú kan náà. Ìwé NAFDAC náà kò yẹ kó di ohun tí a ń sáré wá nígbà tí ilé ìtajà ńlá kan bá béèrè rẹ̀. Ọdún 5 ni ìwé náà máa ń lò kí a tó tún un gbà. Kí ẹ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ nígbà tí ọwọ́ yín dilẹ̀.

Ọ̀rọ̀ àyẹ̀wò tún wà níbẹ̀. Màmá mi máa ń fi ahọ́n kan ọṣẹ díẹ̀. Bí ó bá ta á, yóò dá a padà sínú iná. Lónìí, bébà pẹlẹbẹ kan wà tí a ń ti bọ inú omi ọṣẹ, tí àwọ̀ rẹ̀ ń yí padà, nọ́ńbà rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ láti 0 dé 14. Ọṣẹ tó ti rọ̀ máa ń wà láàárín 9 sí 10. Bí ó bá ga ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa, kò tíì yẹ fún ara ènìyàn. Bébà yìí kò wọ́n, ìṣẹ́jú kan kò sì pé lẹ́nu rẹ̀. Kí ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ se ìkòkò kọ̀ọ̀kan sílẹ̀, kí ẹ sì fi ẹyọ kan pamọ́ nínú rẹ̀, kí ẹ lè mọ ibi tí ẹ ó bẹ̀rẹ̀ ìwádìí bí ẹnìkan bá mú ẹjọ́ wá. Ní ti ìpara tí a fi omi pò, ẹ mọ̀ pé kòkòrò àìfojúrí lè hù nínú rẹ̀, àwọn tó ń yẹ̀ ẹ́ wò sì ní láti dúró fún ọjọ́ mélòó kan kí wọ́n tó mọ̀ bóyá ó wà níbẹ̀. Kò sí owó tí ẹnikẹ́ni lè san kí kòkòrò náà lè tètè yọjú.

Ohun tó lè ṣẹlẹ̀ nígbà tí a bá fo àyẹ̀wò kò pa mọ́ fún wa ní orílẹ̀-èdè yìí. Ní ìparí ọdún 2008 sí ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2009, oògùn eyín ọmọdé kan tí wọ́n ń pè ní My Pikin pa àwọn ọmọ tí iye wọn lé ní 80. Èròjà olóró kan, diethylene glycol, ló wà nínú rẹ̀, níbi tó yẹ kí propylene glycol wà. Àwọn méjèèjì jọra lójú, propylene glycol yìí kan náà sì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń dà sínú ìpara. Àyẹ̀wò ohun tí a rà lọ́jà, kí a tó dà á sínú ìkòkò, ni ìbá ti yọ wọ́n.

Mo mọ ohun tí ẹlòmíràn yóò sọ. Yóò ní, “Bí mo bá lé oníbàárà, ẹnìkejì mi yóò gbà á, yóò sì fún un ní ọṣẹ tútù.” Òótọ́ ni. Ẹnìkan ṣoṣo kò lè dá ọjà dúró. Ṣùgbọ́n ọmọ Lísàbí ni wá. Ìtàn tí àwọn bàbá wa sọ fún wa ni pé ẹgbẹ́ àárò ni Lísàbí fi kó àwọn Ẹ̀gbá jọ, tí wọ́n fi bọ́ lọ́wọ́ Ọ̀yọ́. Kí ló dé tí àwọn ọlọ́ṣẹ kò lè ṣe àárò? Bí iṣẹ́ 600 bá dé, tí èmi ní 200 tó ti sinmi, tí ìwọ ní 150, tí ẹnìkẹta ní 250, iṣẹ́ ti parí láìsí pé ẹnikẹ́ni se ìkòkò kan lójijì. Kí a fohùn ṣọ̀kan lórí ìwọ̀n, lórí iye owó, àti lórí ọjọ́ ìsinmi tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ dín kù. Bí ọ̀sẹ̀ yóò fi yí po, oníbàárà yóò mọ̀ pé kò sí ibòmíràn láti sáré lọ.

Àsìkò yìí gan-an ló sì yẹ kí a ṣe é. Ní oṣù kẹta ọdún 2023, Unilever Nigeria kéde pé àwọn yóò jáwọ́ nínú Omo, Sunlight àti Lux. Ní oṣù kejìlá ọdún náà, Procter & Gamble kéde pé àwọn kò ní máa ṣe ọjà níhìn-ín mọ́, pé kíkó ni àwọn yóò máa kó o wọlé láti òkè òkun. Ìpínlẹ̀ Ògùn tiwa, ní Àgbárá, ni àwọn méjèèjì ti ní ilé iṣẹ́ rí. Ó dùn wá nítorí àwọn ọmọ wa tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, ṣùgbọ́n àyè ṣí sílẹ̀ fún ọlọ́ṣẹ kékeré. Orúkọ rere nìkan ló lè gba àyè náà. Ọṣẹ tó ń bó ènìyàn lójú kò lè gbà á.

Ẹ̀yin ìjọba náà, a kò tọrọ ohun ńlá. Kí àwọn ìjọba ìbílẹ̀ wa, láti Abẹ́òkúta títí dé Òdèdá àti Ọbáfẹ́mi-Owódé, pèsè ilé kan tí òjò kò ní wọ̀, tí àwọn ọlọ́ṣẹ lè tọ́jú eérú àti òróró sí. Kí àwọn ọ̀mọ̀wé ilé ẹ̀kọ́ gíga fásitì iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà ní Alábàtà ya ọjọ́ kan sọ́tọ̀ lóṣooṣù tí àwọn ìyá wa yóò gbé ọṣẹ àti ìpara wọn wá fún àyẹ̀wò, ní owó tí apá wọn ká.

Ẹ̀yin tí ẹ ní òde lọ́wọ́, ẹ̀yin náà ní ẹjọ́ láti jẹ́. A máa ń tètè sanwó gbọ̀ngàn, a máa ń tètè yan aṣọ ẹbí, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ọṣẹ, ó di ọ̀sẹ̀ tí òde kù sí dẹ̀dẹ̀. Lẹ́yìn náà a ó ní ọlọ́ṣẹ ló ba òde wa jẹ́. Irú ìkánjú yìí ló ń mú ẹlòmíràn ra ìpara tí wọ́n ní yóò sọ òun di pupa ní ọjọ́ 7, tí makiúrì inú rẹ̀ sì lè ba kídìnrín jẹ́. Ara ènìyàn kì í yá ju bí a ti dá a lọ.

Ìyàwó àbúrò mi ṣì ń ṣe ọṣẹ. Ó ti kọ ìṣirò ọjọ́ náà sára ògiri, ó sì ní àwọn obìnrin mẹ́rin tí wọ́n jọ ń ṣe àárò. Ní ọdún tó kọjá, ìyá àgbàlagbà ọjọ́sí padà wá, ó ní òun fẹ́ ọṣẹ 100 fún ìkómọ tó ku ọjọ́ 9. Ìyàwó àbúrò mi ní, “Màmá, ẹ má bínú, 60 ló ti sinmi nílẹ̀. Ẹ gba 60, ẹ fi nǹkan mìíràn kún un.” Ìyá náà wo ògiri, ó wo ọṣẹ, ó sì ka owó 60 sílẹ̀.

Ẹ̀sọ̀ẹ̀sọ̀ ni ìgbín ń gun igi. Ẹ jẹ́ kí ọṣẹ sinmi.